Yìnyín inú ife, yìnyín orí òkúta: èwo ló ń gbé omi òkun sókè?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo bu omi sínú ife onígíláàsì, mo ju yìnyín mẹ́ta sí i, mo sì fi bírò fa ìlà síbi tí omi náà dé. Mo dúró títí yìnyín fi yọ́ tán. Omi ò kúrò lójú ìlà rárá. Báwo wá ni ẹ ṣe ń sọ pé bí yìnyín ìpẹ̀kun ayé bá yọ́, òkun á gun orí ilẹ̀? Èkejì: mo kà á pé òtútù Antárktìkà máa ń kọjá ìwọ̀n 60 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kí ni ooru tó fi ìwọ̀n kan tàbí méjì lé sí i fẹ́ fi irú òtútù yẹn ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìgbà ayé wa yìí náà ni gbogbo rẹ̀ máa yọ́?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun gan-an. Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí ju bí ẹ ṣe rò lọ, torí pé ẹ ò jókòó máa jiyàn. Ẹ bu omi, ẹ fa ìlà, ẹ dúró wò ó. Ohun tí ẹ rí yẹn, òótọ́ ni. Ohunkóhun tó bá ń léfòó ti ti omi tí ìwúwo rẹ̀ bá tirẹ̀ dọ́gba sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí yìnyín bá wá yọ́, omi tó dà kàn padà dí àyè tí òun fúnra rẹ̀ ti gbà tẹ́lẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí omi ò fi kúrò lójú ìlà yín.

Ife yín yẹn gan-an ni Òkun Árktìkì tó wà ní ìpẹ̀kun àríwá ayé. Kò sí ilẹ̀ lábẹ́ yìnyín tó wà lójú rẹ̀. Omi òkun ló dì, tó sì ń léfòó. Láti 1979 tí sátẹ́láìtì ti ń ṣọ́ ọ lọ́dọọdún ló ti ń dín kù. Oṣù Kẹsàn-án ló máa ń kéré jù lọ lọ́dún, nígbà tó sì di Oṣù Kẹsàn-án 2012, ohun tó kù níbẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.4 kìlómítà níbùú lóròó lọ. Síbẹ̀, bí gbogbo rẹ̀ bá yọ́ lónìí, bín-ín-tín báyìí ni òkun máa fi ga sí i, ìyẹn náà sì jẹ́ torí pé omi yìnyín kò níyọ̀ tó omi òkun. Yìnyín yẹn ní wàhálà tirẹ̀, màá padà débẹ̀, àmọ́ òun kọ́ ló ń gbé òkun sókè.

Ẹ tún bá mi ṣe èkejì. Ẹ wá abọ́ fífẹ̀, ẹ gbé òkúta sínú rẹ̀, ẹ bu omi sí i kí orí òkúta náà ṣì yọ síta, kí ẹ wá to yìnyín sórí òkúta yẹn kó má kan omi. Ẹ fa ìlà. Ẹ óò rí i bí omi á ṣe máa kán tó, tó, tó láti ara òkúta, tí ìlà yín á sì rì. Omi tó ń kán yẹn kò sí nínú abọ́ tẹ́lẹ̀. Ibi tí yìnyín jókòó sí ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Òkúta méjì tó tóbi jù láyé ni Grínlándì àti Antárktìkà. Yìnyín orí Grínlándì fẹ̀ tó mílíọ̀nù 1.7 kìlómítà níbùú lóròó, ó sì nípọn ju kìlómítà 3 lọ ní àárín. Bí gbogbo rẹ̀ bá di omi, òkun gbogbo ayé á fi mítà 7 àti díẹ̀ ga sí i. Ti Antárktìkà ni bàbá rẹ̀: ó fẹ̀ tó mílíọ̀nù 14, ìpíndọ́gba nínípọn rẹ̀ tó kìlómítà 2, níbi tó sì ti nípọn jù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5. Òun nìkan lè gbé òkun sókè ní nǹkan bíi mítà 58. Òjò dídì ló bọ́ lé òjò dídì, ọdún gorí ọdún, tí tòkè ń tẹ tìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ó fi le koránkorán.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká kọjú sí òtútù. Ohun tí ẹ kà kò tíì jẹ́ nǹkan kan. Ní ọjọ́ 21 Oṣù Keje 1983, ní ibùdó Vostok láàárín Antárktìkà, wọ́n ka ìwọ̀n 89.2 nísàlẹ̀ òdo. Nírú ibẹ̀, ooru ìwọ̀n kan tàbí méjì kò tu irun kan lára yìnyín. Ká ní láti òkè nìkan ni yìnyín ti ń yọ́ ni, ǹ bá ní kí ẹ lọ fọkàn balẹ̀.

Àmọ́ yìnyín kì í dúró sójú kan. Bó ti le tó yẹn, ìwúwo ara rẹ̀ ń tì í, ó ń ṣàn láti àárín lọ sí etí òkun, bí ọ̀dà ṣe máa ń rọra ṣàn tí oòrùn bá mú un. Odò yìnyín là ń pè wọ́n. Àwọn kan kì í rìn ju mítà mélòó kan lọ lọ́dún. Àwọn tó yára lára wọn ń rin kìlómítà méjì, mẹ́ta, àní mẹ́rin. Tí wọ́n bá débi òkun, wọn kì í já lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á nà jáde sórí omi, wọ́n á máa léfòó, síbẹ̀ wọ́n ṣì so mọ́ èyí tó wà lórí ilẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pe apá tó nà jáde yẹn ní pèpéle yìnyín. Ibẹ̀ ni òkun ti ń rí i bù jẹ.

Nítorí iyọ̀ inú rẹ̀, omi òkun kì í dì àfi tó bá tutù dé bí ìwọ̀n 1.8 nísàlẹ̀ òdo. Bẹ́ẹ̀ omi kan wà nísàlẹ̀ òkun lọ́hùn-ún tó ń yí Antárktìkà ká, tó fi nǹkan bí ìwọ̀n kan ga ju òdo lọ. Lára tiwa, òtútù gidi nìyẹn. Lára yìnyín, omi gbígbóná ni. Láwọn ibì kan ní ìwọ̀ oòrùn Antárktìkà, omi yìí ń rọra gba inú àwọn kòtò ìsàlẹ̀ òkun wọ abẹ́ pèpéle. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹni tó bá dúró sórí yìnyín náà lè máa gbọ̀n pẹ̀pẹ̀ fún òtútù, kó má sì mọ̀ pé abẹ́ ẹsẹ̀ òun ti ń jẹ.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: “Pèpéle yẹn náà ń léfòó, ṣebí ẹ ní èyí tó ń léfòó kì í gbé omi sókè?” Bẹ́ẹ̀ ni, òun fúnra rẹ̀ kò gbé e sókè. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni kí ẹ wò. Òun ni igi tí a fi ti ilẹ̀kùn. Ó fara ti àwọn erékùṣù àti àpáta abẹ́ omi, ó sì fi ara rẹ̀ dá gbogbo yìnyín orí ilẹ̀ tó ń tì í lẹ́yìn dúró. Bí igi bá yẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí nìyẹn.

A ti fojú rí èyí rí. Ní ìlà oòrùn apá Antárktìkà tó nà bí ìka sí ọ̀nà Gúúsù Amẹ́ríkà, pèpéle kan wà tó ń jẹ́ Larsen B. Ó nípọn tó nǹkan bíi mítà 220, ẹrẹ̀ tí wọ́n sì wú jáde nísàlẹ̀ òkun ibẹ̀ fi hàn pé ó ti wà láìfọ́ fún nǹkan bíi 10,000 ọdún. Nígbà tó di àsìkò ooru wọn, láti ìparí 2001 wọ 2002, omi yíyọ́ gbára jọ sójú rẹ̀, ó di ọ̀pọ̀lọpọ̀ adágún kéékèèké aláwọ̀ búlúù. Bí ogiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ogiri yìí ti lanu: yìnyín náà ti sán káàkiri tẹ́lẹ̀. Omi adágún ya wọnú ibi tó sán, omi sì wúwo ju yìnyín lọ, ni ó bá ń ti ojú ọgbẹ́ náà jìn sísàlẹ̀ títí ó fi là á já. Láàárín ìparí Oṣù Kìíní àti ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹta 2002, ohun tó lé ní 3,200 kìlómítà níbùú lóròó rún wómúwómú níṣojú sátẹ́láìtì. Àwọn àwòrán náà ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Nínú ti àkọ́kọ́, ó funfun báláú, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Nínú ti ìkẹyìn, ó dà bí ẹni fọ́ gíláàsì sórí omi.

Lẹ́yìn náà la rí èyí tó jẹ́ èsì ìbéèrè yín gan-an. Àwọn odò yìnyín tó wà lẹ́yìn pèpéle náà kò rẹ́ni dá wọn dúró mọ́, ìyára àwọn kan nínú wọn sì di ìlọ́po mẹ́jọ ti tẹ́lẹ̀. Orí ilẹ̀ ni yìnyín tí wọ́n ń kó bọ̀ yẹn wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti kúrò nínú ife, ó ti di ti òkúta inú abọ́.

Ibi tí ọkàn àwa tó ń ṣiṣẹ́ yìí wà báyìí ni odò yìnyín Thwaites ní ìwọ̀ oòrùn Antárktìkà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ tó odindi erékùṣù Bìrìtéènì. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ, òkun á fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 65 ga sí i. Ilẹ̀ tó jókòó lé rẹlẹ̀ ju ojú òkun lọ, ó sì ń dagẹ̀rẹ̀ sísàlẹ̀ bó ṣe ń wọnú lọ, bí inú abọ́. Nítorí náà, bí yìnyín náà ṣe ń fà sẹ́yìn, inú ibi tó túbọ̀ jìn ló ń fà sí, ojú tó kọ sí òkun ń nípọn sí i, èyí tó ń já sínú omi sì ń pọ̀ sí i. Ẹ wo bí ìyẹn ṣe burú tó: kò sí òkè kankan lẹ́yìn rẹ̀ nítòsí tó lè fẹ̀yìn tì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020, àwọn olùṣèwádìí fi omi gbígbóná lu ihò gba inú Thwaites já, ihò tó jìn tó nǹkan bíi mítà 600, wọ́n sì sọ róbọ́ọ̀tì tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń jẹ́ Icefin gba ibẹ̀ wọ omi abẹ́ rẹ̀. Èsì rẹ̀ jáde ní 2023. Níbi tí abẹ́ yìnyín ti tẹ́ pẹrẹsẹ, kò yọ́ tó bí wọ́n ṣe rò, torí pé omi tútù tó yọ́ lára rẹ̀ tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ bí aṣọ, kò jẹ́ kí omi gbígbóná kàn án. Àmọ́ láwọn ibòmíì, kámẹ́rà rí i pé abẹ́ náà ti gé bí àtẹ̀gùn, ó sì ti sán lóríṣiríṣi, ara àwọn ògiri àtẹ̀gùn yẹn ni omi ti ń jẹ ẹ́ kíákíá. Àwọn oníròyìn máa ń pe Thwaites ní odò yìnyín ọjọ́ ìparun. Èmi kì í pè é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọjọ́ ìparun á fọwọ́ lẹ́rán ni, á gbà pé ó ti bọ́, bẹ́ẹ̀ kò tíì bọ́.

Ti Grínlándì yàtọ̀. Níbẹ̀, òkun ń jẹ etí rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gbígbóná náà ń yọ́ ojú rẹ̀ ní tààràtà. Nínú Oṣù Keje 2012, fún ọjọ́ mélòó kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ojú yìnyín náà ló rọ̀, títí kan ṣóńṣó rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 Oṣù Kẹjọ 2021, òjò rọ̀ ní ibùdó tó wà lórí ṣóńṣó yẹn, ní nǹkan bíi mítà 3,200 sókè. Kì í ṣe òjò dídì o, òjò gidi. Àwọn tó ń kọ àkọsílẹ̀ ibẹ̀ kò rí irú rẹ̀ rí.

Báwo la ṣe mọ iye tó ń lọ? Ṣe ni a gbé yìnyín lé òṣùwọ̀n. Ní 2002, wọ́n rán sátẹ́láìtì méjì tó ń jẹ́ GRACE lọ sókè, ọ̀kan ń tẹ̀ lé èkejì, àlàfo nǹkan bíi kìlómítà 220 wà láàárín wọn. Ohunkóhun tó bá wúwo ní òòfà. Bí ti iwájú bá ti ń sún mọ́ òkìtì yìnyín, yìnyín á fà á, á yára díẹ̀ ju ti ẹ̀yìn lọ, àlàfo yẹn á sì fẹ̀ sí i díẹ̀. Ẹ̀rọ inú wọn ń kà á, kódà bí ìyàtọ̀ náà kò bá tó nínípọn fọ́nrán irun orí. Bí òkìtì náà bá fúyẹ́ nígbà tí wọ́n tún padà kọjá, a máa mọ̀. Àwọn méjì míì ti rọ́pò wọn láti 2018. Ohun tí òṣùwọ̀n yìí ń sọ ni pé Grínlándì ń pàdánù nǹkan bíi bílíọ̀nù 270 tọ́ọ̀nù yìnyín lọ́dún, Antárktìkà nǹkan bíi bílíọ̀nù 140. Bílíọ̀nù 360 tọ́ọ̀nù ló ń gbé gbogbo òkun ayé sókè ní mìlímítà kan.

Òòfà yìí kan náà ló fa ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kọ́kọ́ gbà gbọ́. Yìnyín Grínlándì wúwo débi pé ó fa omi òkun mọ́ra, omi rọ̀gbà yí i ká. Bó ṣe ń fúyẹ́, ọwọ́ tó fi di omi mú ń dẹ̀, omi sì ń sá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ní etíkun tó sún mọ́ Grínlándì, yíyọ́ yìnyín rẹ̀ ń mú kí ojú òkun lọ sílẹ̀ ni. Àwọn tó wà lọ́nà jíjìn réré, tí wọn ò fojú kan yìnyín orí ilẹ̀ láyé wọn, ni omi ọ̀hún ń lọ bá, tí yóò sì ju ìpíndọ́gba lọ lọ́dọ̀ wọn. Àwọn erékùṣù pẹlẹbẹ àárín Òkun Pàsífíìkì wà lára wọn. Mo ti kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí lọ́pọ̀ ìgbà, síbẹ̀ ó máa ń dùn mí bíi pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ ni.

Kì í ṣe yìnyín nìkan ló ń gbé òkun sókè o. Nínú ooru àfikún tó há mọ́ ayé lára, ó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún tó wọnú òkun lọ, omi tó bá sì gbóná máa ń wú. Wíwú yìí àti yìnyín, títí kan èyí tó wà lórí àwọn òkè ńlá, ló gbé òkun sókè ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20 láàárín 1901 àti 2018. Títí di 1971, mìlímítà 1.3 ló ń lé lọ́dún; láti 2006 sí 2018, ó ti di 3.7. Ìyára yẹn ló ń bà mí lẹ́rù ju iye náà lọ.

Ẹ tún bi mí kí ni ìwọ̀n kan tàbí méjì lè ṣe. Ìwọ̀n kan tí à ń wí yìí kì í ṣe ti ọ̀sán ọjọ́ kan. Ìpíndọ́gba gbogbo ayé ni, tòru-tọ̀sán, ilẹ̀ àti òkun. Ní nǹkan bíi 20,000 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí yìnyín bo apá tó pọ̀ nínú Kánádà àti àríwá Yúróòpù, ayé fi ìwọ̀n 5 sí 7 péré tutù ju bó ṣe wà kí àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tó gbòde lọ, òkun sì fi ohun tó lé ní mítà 120 rẹlẹ̀ ju ti òní lọ. Ní nǹkan bíi 125,000 ọdún sẹ́yìn, ayé fi bí ìdajì ìwọ̀n sí ìwọ̀n kan ààbọ̀ gbóná ju bó ṣe wà kí àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tó gbòde lọ. Òkun ìgbà náà fi mítà 5 sí 10 ga ju ti òní. Ní 2024, ìpíndọ́gba ooru ayé fi nǹkan bí ìwọ̀n 1.55 ju ti ìgbà 1850 sí 1900 lọ. A ti wà nínú ooru yẹn báyìí. Yìnyín ni kò tíì bá wa débẹ̀.

Kí ló wá ń mú ayé gbóná? Yìnyín fúnra rẹ̀ ló tọ́jú ẹ̀rí. Bí òjò dídì ṣe ń tẹ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó máa ń há afẹ́fẹ́ ìgbà yẹn mọ́ inú ihò kéékèèké. Ẹ ju ègé yìnyín àtijọ́ sínú omi, ẹ óò gbọ́ ọ tí yóò máa ta pó, pó: afẹ́fẹ́ tí kò rí ìta láti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún ló ń jáde. Ní Dome C, ní Antárktìkà, àwọn ará Yúróòpù gbẹ́ yìnyín jìn ju kìlómítà 3 lọ, wọ́n sì ka afẹ́fẹ́ 800,000 ọdún. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, gáàsì carbon dioxide ń lọ sókè sódò láàárín nǹkan bí 180 sí 300 nínú mílíọ̀nù kan. Lónìí, ó ti kọjá 420, èédú, epo rọ̀bì àti gáàsì tí à ń sun ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó gbé e débẹ̀. Ohun tí gáàsì yìí ń ṣe kò ṣókùnkùn sí ẹnikẹ́ni mọ́. Ní 1856, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Eunice Foote, ṣe bí ẹ ti ṣe gẹ́lẹ́: ó mú ohun èlò onígíláàsì, ó fi gáàsì yìí sínú ọ̀kan, afẹ́fẹ́ lásán sínú èkejì, ó ki ohun tí a fi ń wọn ooru bọ̀ wọ́n, ó sì gbé wọn sínú oòrùn. Èyí tí gáàsì wà nínú rẹ̀ ló gbóná jù, òun náà ló sì pẹ́ jù kó tó tutù.

Mo ṣèlérí pé màá padà sórí yìnyín Òkun Árktìkì. Wàhálà tirẹ̀ ni pé ó funfun. Òjò dídì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ máa ń ta ìdá 80 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ọgọ́rùn-ún ìtànṣán oòrùn padà sókè. Omi òkun dúdú, ó ń gbé ohun tó lé ní ìdá 90 mì. Bí yìnyín bá ká kúrò, oòrùn á máa gbóná omi, omi á tún yọ́ yìnyín míì. Ìdí kan nìyẹn tí agbègbè Árktìkì fi ń gbóná ní ìlọ́po tó sún mọ́ mẹ́rin ti ìyókù ayé láti 1979. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ni Grínlándì wà.

Ó ku ìbéèrè yín tó kẹ́yìn. Rárá, gbogbo rẹ̀ ò ní yọ́ nígbà ayé wa. Yìnyín lọ́ra. Ooru tó máa yọ́ gíráàmù yìnyín kan ṣoṣo, tó bá jẹ́ omi tó wà ní ìwọ̀n òdo la fún, ó máa gbé gíráàmù omi kan dé ìwọ̀n 80. Kí Antárktìkà tó yọ́ tán, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó máa lọ nígbà ayé àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí lónìí, ọwọ́ wa ló ṣì pọ̀ jù nínú rẹ̀. IPCC, ìgbìmọ̀ tó ń bá àjọ UN yẹ ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ wò, kọ ọ́ ní 2021 pé bí ayé bá tètè dín gáàsì carbon dioxide kù gidigidi, ó ṣeé ṣe kí òkun fi sẹ̀ǹtímítà 28 sí 55 ga ní 2100 ju bó ṣe wà láàárín 1995 sí 2014. Bí a bá ń sun èédú àti epo lọ ràì, 63 sí 101.

Tí ẹ bá fẹ́ ṣe ti òkúta yẹn, ẹ kúkú ṣe é ní méjì. Abọ́ kan sínú oòrùn, ọ̀kan sí abẹ́ ibòji, iye yìnyín kan náà. Omi á rìn kúrò lójú ìlà nínú méjèèjì. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, ẹ fi rúlà wọn ibi tó dé nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.